Ọkùnrin Tó Ń Kú Níbi Iṣẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan lásìkò òjò, lọ́dún 2006, ni Mùsáfírù Ògúnkànmí kọ́kọ́ kú. Orí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì ló kú sí, ní Ìbàfò. Ó fi òwú dí ihò imú rẹ̀, ó gbé fìlà lé àyà, ó di ojú, ó sì fi okùn so páálí kan kọ́rùn, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí: MO TI KÚ. Ẹ MÁ BI MÍ NÍ NǸKAN KAN.

Kó tó kú, ó ti yọ waya kọ̀ǹpútà àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Sẹ́fà ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, òun ni gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń fẹ̀yìn tì. Oògùn ni ilé-iṣẹ́ náà ń pín fún àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Ògùn, inú sẹ́fà yìí ni wọ́n sì ń tọ́jú gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, títí kan ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan gbà lọ. Iṣẹ́ Mùsáfírù ni láti máa ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kó sì gbé e pamọ́ síbi tí iná, olè àti omi kò ní bá a, tó fi jẹ́ pé bí sẹ́fà bá kú, òmíràn á dìde láti ara ẹ̀dà náà. Bákọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

Ọmọ́títí, obìnrin tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí òkú. Ó pè é, kò dáhùn. Ó fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àṣé ọkùnrin náà ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú ẹ̀rọ amúlétutù láti àfẹ̀mọ́jú, kí òkú rẹ̀ lè dá wọn lójú.

Ibẹ̀ ni Alàgbà Fọláwẹ̀mí, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, wọlé bá wọn. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú rárá ni. Bí wọ́n bá ń kéde ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jáde lọ wo mọ́tò rẹ̀.

"Mùsáfírù, kí lò ń ṣe?"

Òkú ò fèsì.

"Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ti kú, sà," ni Ọmọ́títí wí, ó kúnlẹ̀.

"Ta ló pa á?"

"Àwọn fúnra wọn ni, sà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè jí sẹ́fà dìde láìsí àwọn."

Alàgbà fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. "Sọ fún un pé mo fẹ́ rí i ní ọ́fíìsì mi, nísìnyí!"

Òkú náà la ojú kan, ó fi ìka tọ́ka sí páálí ọrùn rẹ̀, ó sì pa ojú náà dé.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún lórí tábìlì. Sọ̀fíyátù ìyàwó rẹ̀ ló ń pè láti ilé wọn ní Lotto, ní Mowé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun ti jẹ ẹ̀wà tí òun dì fún un. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló gbé fóònù. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ọ̀gá ti kú láti àárọ̀. Ẹ̀wà yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀kadà tó gbé Sọ̀fíyátù kò tíì dúró tán tó fi bẹ́ sílẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti fò lọ lójú títì márosẹ̀. Ó sáré wọlé, ó rí òwú nímú ọkọ rẹ̀, ó ké tòò, ó sì dà lé e láyà. Àwọn oníbàárà tó wà níjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde wá lábẹ́ obìnrin náà, jẹ́jẹ́ báyìí:

"Sọ̀fíyátù, rọra. O ń tẹ waya mọ́lẹ̀."

Ìjà ọjọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Asese. Sọ̀fíyátù mú un búra pé bó bá tún máa kú, kó má kú dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Mùsáfírù gbà. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ikú. Bí oṣù bá ti ń parí lọ báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ á máa wo ojú ara wọn, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ṣílẹ̀kùn tí wọ́n á sì bá òkú lórí àga.

"Ẹ̀dà tó jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí i, òun náà ti kú nìyẹn," ló máa ń wí lọ́jọ́ tó bá wà láàyè. "Ọjọ́ tí sẹ́fà máa kú lè jẹ́ ọjọ́ témi náà ò sí. Ikú kì í wo kàlẹ́ńdà."

Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ẹnu Mùsáfírù kì í dúró lọ́jọ́ tó bá wà láàyè. Ó ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ. Ìtàn ilé-iṣẹ́ tó jóná, báńkì tí eku jẹ waya rẹ̀, ọkùnrin tó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Kò sí èyí tí kì í sọ, kò sì sí èyí tí kì í fi iyọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ikú, ó ń dákẹ́ débi pé o ò ní rí i kó mí. Akọ̀wé owó á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má baà kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn kan ní eṣinṣin bà lé e létè, kò mira. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni òwú á tó rìn ín nímú, á sín háúńṣìn, á sì jókòó dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Ọmọ́títí á wí.

"Ẹ pẹ́ jù," á dáhùn. "Wọ́n ti bi mí ní gbogbo ìbéèrè tán lọ́hùn-ún, ẹ ò tíì rí téèpù kì bọnu ẹ̀rọ."

Orí téèpù ló ń kó ẹ̀dà náà sí nígbà yẹn, ó sì máa ń gbé e lọ pamọ́ sí Ifọ̀. Ó ní bí iná bá jó Ìbàfò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gùn dé Ifọ̀. Káyọ̀, dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́, ló ń wa téèpù lọ, gba ọ̀nà Ọ̀fàdà já sí Papalanto, kó tó wọ Ifọ̀. Mùsáfírù kì í bá a wọ ọkọ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn tẹ̀ lé e, tí eruku á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, àyè pọ̀ nínú ọkọ̀," Káyọ̀ wí lọ́jọ́ kan.

"Bí ọkọ̀ bá dànù, kí téèpù kú, kí n yè, kí n lè ṣe òmíràn. Bí ọ̀kadà bá sì pa mí, téèpù á wà láàyè. A ò gbọdọ̀ kú pọ̀."

Káyọ̀ rò ó síwá sẹ́yìn. "Èmi ńkọ́, sà?"

Mùsáfírù wò ó tàánútàánú. "Ìwọ ò ní bákọ́ọ̀pù. Rọra máa wà á."

Ní Ifọ̀, inú yàrá kan ní ilé ìyá àgbà tó ń jẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù ló gbé sẹ́fà kejì sí. Màámi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ kí èèrà tó rìn. Mùsáfírù dí gbogbo fèrèsé yàrá náà pa, ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú yàrá náà, síbẹ̀ ó ń kùn hùùù tọ̀sán-tòru, iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí òòrùn bá ń pa igi lára níta, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kọjá, otútù á mú un. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òkú ni. Kí ló tún kù tí wọ́n ń mú tutù tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́jọ́ tí Mùsáfírù dúró sójúde, tó ń pariwo sí Ọmọ́títí lórí fóònù: "Èyí tó wà ní Ìbàfò ti kú pátápátá! Fi í sílẹ̀! Èyí tó wà ní Ifọ̀ yìí ni mo fẹ́ jí dìde!"

Kó tó gbé fóònù kúrò létí, èrò ti pé lé e lórí. Wọ́n mú ọlọ́pàá dé. Ọlọ́pàá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó tutù, ó yára yọwọ́. Ó ní kí Mùsáfírù ṣí i. Mùsáfírù ṣí i. Otútù rọ́ lù wọ́n lójú, òkùnkùn ló wà nínú ibẹ̀, iná kéékèèké sì ń wò wọ́n bí ojú ológbò. Ẹ̀rọ náà bá ké "píì!" Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé títì, àwọn tó wá fẹjọ́ sùn ò sì rẹ́yìn rẹ̀.

Màámi Wúlẹ̀mọ̀tù ò kúrò lórí àpótí rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn," ló wí. "Mo ní kò sí òkú níbẹ̀. Òkú wo ló ń mu epo dísù tó báyìí?"

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti di méjì fún un. Ní Ifọ̀, Ajókùú ni, ẹni tó ń jí òkú. Ní Lotto, ó sọ ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́ẹ̀dà, ìyẹn ẹni tó ní ẹ̀dà. Àlùfáà Láwàl, lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wọn, gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun, ó fa irùngbọ̀n.

"Mùsáfírù, a-ú-sù bí-lá-ì! Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo ló wà."

"Àlùfáà, èmi ò sọ pé Ẹlẹ́dàá. Ẹlẹ́ẹ̀dà ni mo wí. Ẹ fa ohùn rẹ̀ díẹ̀."

"Àní wọ́n ní ò ń jí òkú."

"Kì í kú tán ni, Àlùfáà."

Bó ti gbọ́n tó yìí, ó ní ọjọ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ ń gbé e ṣubú. Ó ti fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Màámi ní Ifọ̀, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọjọ́ kan tó dé láti ibi iṣẹ́, kò rí tọwọ́ rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó yí padà, ó wọkọ̀, ó lọ sí Ifọ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó padà dé, ó ń yán, inú rẹ̀ dùn pé ètò òun ṣiṣẹ́. Sọ̀fíyátù wà nínú ilé látọ̀sán, ó ń dín dòdò. Ilẹ̀kùn ò tì.

Lásìkò ọyẹ́, lọ́dún 2008, ó di àárọ̀ kan tí Mùsáfírù ò wá síbi iṣẹ́. Ọyẹ́ bo títì márosẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ìró ọkọ̀ là ń gbọ́, a ò rí ọkọ̀. Fóònù ọ́fíìsì dún, Ọmọ́títí gbé e. Sọ̀fíyátù ni.

"Ọmọ́títí, ọ̀gá yín ti kú."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ọmọ́títí bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá Hanifah! Wọ́n ti rí ẹ̀yin náà mú! Ẹ bá wa sọ fún wọn pé a ti gbọ́ o, a ti ń bẹ̀rẹ̀."

Fóònù já.

"Ọ̀gá ti kú!" ni Ọmọ́títí kígbe, ó pàtẹ́wọ́. "Ilé ló kú sí lónìí! Ó yá!"

Kálukú fẹ̀rín sáré lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ waya sẹ́fà, wọ́n gbé èyí tó wà ní ìmúrasílẹ̀ jáde, wọ́n ki téèpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò tíì lọ geere bẹ́ẹ̀ rí. Sẹ́fà jí bí ọmọ tó sun oorun àsùngbádùn. Alàgbà Fọláwẹ̀mí fúnra rẹ̀ jáde wá wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n nu àga Mùsáfírù, wọ́n gbé òwú tuntun sórí tábìlì fún un. "Kò ní rí nǹkan bá wa wí lónìí," Ọmọ́títí wí. "Ẹ jẹ́ kó wá sín."

Káyọ̀ dẹ́rẹ́bà ló wọlé. Mowé ló ti ń bọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú wọn yípo, ó rí ẹ̀rín níbẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Wọ́n ti ń wẹ ọ̀gá lọ́wọ́," ló wí. "Àlùfáà Láwàl ti dé. Àyà ló dùn wọ́n lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ẹ ò ní wá ni?"

Ẹ̀rín náà ò tètè mọ ibi tó máa gbà jáde. Akọ̀wé owó tí kò gbọ́ dáadáa ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ ní òun nìkan.

Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, bí ìlànà Mùsùlùmí. Ọmọ́títí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń wo pósí tí wọ́n fi gbé e kọjá. Ó ń dúró kó sín. Ó mọ̀ pé òmùgọ̀ ni òun, síbẹ̀ ó ń dúró. Alàgbà Fọláwẹ̀mí tí kì í lọ síbi ìsìnkú dúró létí sàréè títí wọ́n fi kó erùpẹ̀ tán, kò wo mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa rọ̀ lọ́dún náà, ìjì ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀sán ṣú bí alẹ́. Ààrá kan sán lórí ilé-iṣẹ́ náà, gbogbo iná kú, òórùn ohun tó jóná sì gba yàrá sẹ́fà. Sẹ́fà kú. Èyí tó wà ní ìmúrasílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kú. Téèpù ọjọ́ náà yọ́ sínú ẹ̀rọ.

Bóyá wọn ìbá fara balẹ̀, ká ní ìpè kan kò wọlé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ìjì lọ. Àwọn tó ń ṣe omi tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ló pè. Wọ́n ní ìdọ̀tí ti wọ inú àwọn páálí kan tí wọ́n kó jáde lọ́sẹ̀ náà. Kí wọ́n sáré gbà á padà kí wọ́n tó fà á sí ẹnikẹ́ni lára. Ilé ìwòsàn wo ló wà? Sẹ́fà ló mọ̀, sẹ́fà sì ti kú.

Alàgbà dì mọ́ fóònù, ó ń pe orúkọ tó bá ti sọ sí i lọ́kàn, ìpè kankan ò wọlé. Ó yíjú sí Ọmọ́títí. "Kí ni Mùsáfírù ìbá ṣe?"

"Kì bá ṣe nǹkan kan, sà," Ọmọ́títí wí. "Á kàn jókòó ni." Ó ti mú báàgì. "Káyọ̀, Ifọ̀!"

Òjò ń lu orí ọkọ̀ láti Ọ̀fàdà dé Papalanto. Nígbà tí wọ́n dé ilé Màámi Wúlẹ̀mọ̀tù, òjò ti mú àdúgbò ṣókùnkùn, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ké lẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí. Wọn ò tíì sọ fún un pé Mùsáfírù ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló fi ọkùnrin náà ṣe, ẹnu ò sì gbà á fún ẹnikẹ́ni láti wí.

"Ẹ pẹ́ o," ni Màámi wí. "Mùsáfírù ti wọlé ṣáájú yín. Mo kí i, kò dá mi lóhùn."

Ọmọ́títí dúró sínú òjò.

"Màámi," Káyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "jẹnẹrétọ̀ lẹ gbọ́. Bí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ, fúnra rẹ̀ ló ń tan."

"Mo mọ ohùn jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kì í nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé."

Wọ́n wo aṣọ ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó tutù. Ṣùgbọ́n kí ni kò tutù lọ́jọ́ náà?

Ọmọ́títí ṣílẹ̀kùn. Otútù, òkùnkùn, ìkùn hùùù, iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú. Àga tí Mùsáfírù máa ń jókòó lé ní Ifọ̀ wà níbẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Káyọ̀ ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́títí ò jókòó sórí àga yẹn, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ létòlétò, títí ẹ̀rọ fi bi í léèrè pé ẹ̀dà wo ni kó jí, ti àná tàbí ti ìjẹta. Ti àná ló súnmọ́ jù, ṣùgbọ́n bó bá ní àbùkù, ó lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, kí ilẹ̀ sì ṣú lé wọn lórí. Kó tó mọ̀, ó ti yíjú sí àga náà.

"Ọ̀gá, ṣé ti àná ni kí n jí?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Káyọ̀ béèrè, ó ti fẹ́ sá.

Àga dákẹ́. Ó dákẹ́ gan-an bí Mùsáfírù ṣe ń dákẹ́ ní Ìbàfò, tí wọ́n bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ara Ọmọ́títí, tó ti ń gbọ̀n láti ìgbà tó ti wọlé, balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí tipẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó tẹ ti àná.

Sẹ́fà jí. Orúkọ àwọn ilé ìwòsàn jáde: méjì ní Ifọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ní Papalanto, ọ̀kan ní Mowé. Káyọ̀ sáré bọ́ sọ́kọ̀ lọ sí èyí tó súnmọ́ jù, Ọmọ́títí sì ń pe àwọn yòókù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń yọjú. Ní Papalanto, nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ní òun ti gbé omi náà kọ́ sókè orí ọmọ kan, òun ń wá iṣan rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ yọ ọ́ sílẹ̀!" Ọmọ́títí kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀!"

Wọ́n yọ ọ́. Kò wọ ara ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo páálí náà ti pé sẹ́yìn ọkọ̀ Káyọ̀ àti sínú yàrá ìkẹ́rù ní Ìbàfò.

Ọmọ́títí jáde síta, ó kúnlẹ̀ níwájú Màámi Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ti ń gbé pamọ́ fún un.

"Dìde," ìyá àgbà wí. "Mo ti mọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé láti òpópónà ni mo ti máa ń gbọ́ ẹnu rẹ̀, tó wá wọlé láìsọ̀rọ̀. Kí lẹ rò pé mo rò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọmọ́títí, Alàgbà àti Káyọ̀ lọ kí Sọ̀fíyátù ní Lotto. Ó tẹ́ní fún wọn, ó gbé omi wá. Hanifah, ọmọ Mùsáfírù, ń ṣeré lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ̀yin lẹ mọ òkú rẹ̀," Sọ̀fíyátù wí. "Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Gbogbo ọjọ́ tó bá kú lọ́dọ̀ yín, tó pa ẹnu mọ́ látàárọ̀, èmi ló ń wá sọ ọ́ fún. Kò ní jẹun. Kò ní bọ́ aṣọ. Á sọ bí ẹ ṣe ṣe é, ẹni tó sáré, ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ohun tí Alàgbà wí. Á máa sín ohùn yín jẹ. Títí màá fi sùn, á ṣì máa sọ ọ́ lọ."

"Ó ń sín ohùn mi jẹ?" Alàgbà béèrè.

"Tiyín ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, sà."

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín, títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Sọ̀fíyátù náà rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí ògiri.

"Ilé yìí ti dákẹ́ jù," ló wí. "Ọmọ́títí, wọ́n ní ẹ ṣiṣẹ́ ńlá kan lọ́jọ́ ìjì yẹn. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"A lọ sí Ifọ̀ ni, mà. A jí sẹ́fà."

"Rárá," Sọ̀fíyátù wí. Ó fa ẹsẹ̀ sábẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé yìí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ojú ọ̀run ṣú. Má fo nǹkan kan."

Ọmọ́títí bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí ìjì ṣe dé, ó ṣe bí Alàgbà ṣe dì mọ́ fóònù, ó ṣe bí Káyọ̀ ṣe ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí Àlùfáà Láwàl pe ìrun alẹ́, ìtàn rẹ̀ ò tíì kọjá Ọ̀fàdà.